Àjẹ́ Ké Lánàá, Ọmọ Kú Lónìí: Ọ̀dá Òjò àti Ìṣubú Àwọn Ìlú Àtijọ́

Ìfáárà

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí. Ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ni ó pa ọmọ jẹ? Kò sí ẹni tí ó gbọ́ Yorùbá dáadáa tí òwe yìí ṣàjèjì sí. Ní Ọ̀tà, níbi tí a ti ń jó Gẹ̀lẹ̀dẹ́ láti fi wá ojú rere àwọn ìyá wa, a lè sọ pé òwe náà wà nílé. Bí a bá yẹ̀ ẹ́ wò fínnífínní, àlàyé nípa okùnfà ni ó jẹ́. Ohun méjì ṣẹlẹ̀ tẹ̀ lé ara wọn: igbe àti ikú. Ẹni tí ó pa òwe so méjèèjì pọ̀, ó ní èyí tí ó ṣáájú ni ó bí èyí tí ó gbẹ̀yìn. Ó tilẹ̀ fi ìbéèrè tí kò retí ìdáhùn parí ọ̀rọ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà bi í pé ẹ̀rí dà.

Láti bí ogójì ọdún sẹ́yìn, àlàyé kan tí ó jọ òwe yìí ti gbilẹ̀ láàrin àwọn tí ń kọ̀wé nípa ayé àtijọ́. Wọ́n á ní òjò dá lánàá, ìlú tú lónìí; ta ni kò mọ̀ pé ọ̀dá àná ni ó tú ìlú ká? Wọ́n ti sọ ọ́ nípa àwọn ará Maya ní Àárín Gbùngbùn Amẹ́ríkà, wọ́n ti sọ ọ́ nípa Íjíbítì, wọ́n sì ti ń sọ ọ́ nípa Ilé-Ifẹ̀ náà. Èrò mi nínú àpilẹ̀kọ yìí ni pé ọ̀dá òjò yẹ ní ohun tí a ń pè lẹ́jọ́, ṣùgbọ́n kò yẹ kí á dá a lẹ́bi kí á tó gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀. Ìdánwò mẹ́rin ni mo fẹ́ gbé ka iwájú ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ olùkọ́. Àlàyé tí kò bá yege nínú wọn, kí á má gbé e wọ kíláàsì gẹ́gẹ́ bí òtítọ́.

Ọ̀rọ̀ yìí kan Ẹ̀ka Yorùbá gbọ̀ngbọ̀n. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ yọ ẹ̀kọ́ Ìtàn kúrò nínú iṣẹ́ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní 2009, ọ̀pọ̀ ọmọ ni ó jẹ́ pé lẹ́nu olùkọ́ Yorùbá nìkan ni wọ́n ti gbọ́ nípa Ifẹ̀ àti Ọ̀yọ́ kí wọ́n tó dá ẹ̀kọ́ náà padà. Ohun tí a bá fi kọ́ wọn ni wọn yóò gbé dàgbà.

Ẹ̀rí tí ó wà nílẹ̀

Kí á tó ṣe lámèyítọ́ àlàyé, ó yẹ kí á mọ ẹ̀rí tí ó gbé e ró. Adágún odò kan wà ní ilẹ̀ Àṣáńtì ní Gánà tí à ń pè ní Bosumtwi. Kò sí odò tí ń ṣàn jáde láti inú rẹ̀. Òjò ni ó ń kún un. Nígbà tí òjò bá pọ̀, omi á ga. Nígbà tí òjò bá dá, omi á fà. Ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ adágún náà a máa tò lé ara rẹ̀ ní ìpele ìpele lọ́dọọdún, bí ìgbà tí ènìyàn bá ń ka ìwé àkọsílẹ̀ ojú ọjọ́. Ní 2009, Timothy Shanahan àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé iṣẹ́ kan jáde nínú ìwé àtìgbàdégbà Science. Wọ́n ní ẹrẹ̀ náà fi hàn pé ọ̀dá ńlá kan mú ní ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà láti nǹkan bí 1400 títí di nǹkan bí 1750, àti pé ó le ju èyí tí ó pa ẹran àti ènìyàn ní Sàhẹ́lì láàrin 1970 sí 1985 lọ. Títí di òní, kùkùté igi dúró sínú omi adágún náà. Igi wọ̀nyí hù nígbà tí omi ti fà sẹ́yìn.

Ẹ jẹ́ kí á wá wo Ifẹ̀. Láàrin nǹkan bí 1000 sí 1400, Ifẹ̀ wà ní òkè téńté. Àpáàdì ni wọ́n tẹ́ sí ojú ọ̀nà àti àgbàlá wọn. Wọ́n ń ṣe ìlẹ̀kẹ̀ gíláàsì ní Igbó Olókun. Iṣẹ́ ìwalẹ̀ tí Abídèmí Babátúndé Babalọlá ṣe níbẹ̀ jẹ́rìí sí i pé àwọn ará ibẹ̀ ni wọ́n ń fi ọwọ́ ara wọn yọ́ gíláàsì náà láti ìpìlẹ̀. Wọ́n ń rọ àwọn orí tí gbogbo ayé ń yìn, irú èyí tí a hú jáde ní agbo ilé Wúnmọníjẹ̀ ní 1938. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn nǹkan bí 1400, iṣẹ́ wọ̀nyí rọlẹ̀.

Ojú wá rí 1400 ní Bosumtwi, ó sì tún rí 1400 ní Ifẹ̀. Ìdánwò dé nìyẹn.

Ìdánwò kìn-ín-ní: Èwo ni ó ṣáájú?

Okùnfà gbọ́dọ̀ ṣáájú àbájáde rẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí rọrùn lẹ́nu, síbẹ̀ ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ àlàyé ti ń kọsẹ̀. Ẹ jẹ́ kí á fi Ọ̀yọ́-Ilé ṣe àpẹẹrẹ, nítorí pé ọjọ́ tirẹ̀ hàn kedere ju ti Ifẹ̀ lọ. Iṣẹ́ Sharon Nicholson lórí ojú ọjọ́ Áfíríkà fi hàn pé ọ̀dá mú ní ọ̀pọ̀ ibi ní Sàhẹ́lì láàrin 1820 sí 1840. Ní nǹkan bí 1836 ni Ọ̀yọ́-Ilé tú, lẹ́yìn tí Aláàfin Olúewu kú sí ojú ogun Ìlọrin, tí Àtìbà sì tẹ ìlú dó sí Àgọ́-Ọ̀jà. Ẹni tí ń kánjú yóò ní ẹjọ́ ti parí.

Ṣùgbọ́n ẹ ka ọjọ́ sẹ́yìn. Ní 1754 ni Baṣọ̀run Gáà ti gba agbára mọ́ Aláàfin lọ́wọ́, ó sì di 1774 kí Abíọ́dún tó rí i ṣẹ́gun. Ní 1783, Borgu ṣẹ́gun ọmọ ogun Ọ̀yọ́. Ní nǹkan bí 1796, wọ́n ṣọ̀tẹ̀ sí Aólẹ̀ títí ó fi kú, Afọ̀njá sì kọ̀ láti sin Ọ̀yọ́ mọ́ ní Ìlọrin. Ní 1817, àwọn ẹrú tí wọ́n jẹ́ Mùsùlùmí dìde, wọ́n sì wọ́ tọ Afọ̀njá. Gbogbo èyí ti ṣẹlẹ̀ kí ọ̀dá tí à ń wí tó dé. Nígbà tí Richard Lander àti àbúrò rẹ̀ John wọ Ọ̀yọ́-Ilé ní 1830, wọ́n rí i pé odi ìlú ti ń wó láìsí ẹni tí ń tún un ṣe. Ilé tí ó ti ń jó láti àárọ̀, a kò lè sọ pé oòrùn ọ̀sán ni ó dáná sun ún.

Ti Ifẹ̀ yàtọ̀. Èédú tí awalẹ̀pìtàn fi ìlànà kábọ́ọ̀nù ṣírò ọjọ́ orí rẹ̀ kì í fún wa ní ọdún kan pàtó. Ó lè fi 50 ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ síwájú tàbí sẹ́yìn. Bí iṣẹ́ Ifẹ̀ bá ti ń rọlẹ̀ láti 1350, ó ti ṣáájú ọ̀dá nìyẹn. Bí ó bá jẹ́ 1430, ó lè tẹ̀ lé e. Bákan náà, ọ̀dá tí ó gba 350 ọdún kò ní ṣaláì bá ìṣubú ìlú kan tàbí òmíràn pàdé. Àwọ̀n tí ó fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, ẹja wo ni kò ní í kó?

Ìdánwò kejì: Ọ̀nà wo ni ó gbà?

Bí a bá ní ọ̀dá ni ó tú ìlú, ó yẹ kí á lè to àtẹ̀gùn rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan: òjò dá, iṣu kò ta, ìyàn mú, àwọn ènìyàn ṣí kúrò, ọba kò rí ìṣákọ́lẹ̀ gbà, ọwọ́ oníṣẹ́ ọnà rọ. Àtẹ̀gùn kọ̀ọ̀kan ni ó ń fẹ́ ẹ̀rí tirẹ̀. Hóró ohun ọ̀gbìn inú ilẹ̀ lè sọ bóyá oúnjẹ wọn yí padà. Egungun lè sọ bóyá ebi pa wọ́n. Ìyẹ̀fun òdòdó tí ó rì sínú ẹrẹ̀ lè sọ bóyá igbó di ọ̀dàn.

Bosumtwi jìnnà sí Ifẹ̀ ju 600 kìlómítà lọ. Àwa tí a ń gbé ní Joju mọ̀ pé òjò lè rọ̀ títí kí ọ̀nà wa di odò, kí ẹ̀kán rẹ̀ má sì kan ará Ifọ̀. Lóòótọ́, ọ̀dá ọgọ́rùn-ún ọdún yàtọ̀ sí òjò ọjọ́ kan, ó sì lè kárí ilẹ̀ púpọ̀. Síbẹ̀, ẹrẹ̀ Gánà kò lè dúró fún ẹrẹ̀ Ifẹ̀ títí láé. Ẹ̀rí tilé ni a ń wá.

Ó sì ṣeé ṣe kí ọ̀dá gba ọ̀nà tí a kò fojú sí wọ Ifẹ̀. Ìlú náà kò fi iṣu nìkan lówó. Ìlẹ̀kẹ̀ rẹ̀ ń lọ jìnnà, bàbà tí wọ́n fi ń rọ orí sì ń ti ọ̀nà jíjìn wá. Ní nǹkan bí 1400 náà ni àwọn ènìyàn kọ Jenne-jeno, ìlú àtijọ́ kan ní Málì lẹ́bàá odò Ọya, sílẹ̀. Bí ọ̀dá bá da ọjà òkè ọya rú, oníṣòwò Ifẹ̀ lè jìyà rẹ̀ bí òjò tilẹ̀ ń rọ̀ sí oko rẹ̀. Àbá lásán ni èyí ṣì jẹ́, ṣùgbọ́n ó dára ju àbá àkọ́kọ́ lọ, nítorí pé ó sọ ọ̀nà tí ó gbà, ó sì sọ ibi tí kí á lọ wá ẹ̀rí.

Ìdánwò kẹta: Kí ni ó ṣe aládùúgbò?

Òjò kò bẹ́nìkan ṣọ̀tá, ẹni eji rí leji ń pa. Ọ̀dá náà kò mọ ojú ẹnì kan. Nítorí náà, ìbéèrè tí ó lágbára jù lọ ni pé: àwọn mìíràn tí wọ́n wà lábẹ́ ojú ọ̀run kan náà ńkọ́?

Ní nǹkan bí 1440, nígbà tí ọ̀dá Bosumtwi ti bẹ̀rẹ̀, ni Ewuare gorí oyè ní Benin, tí ó sì sọ ìlú náà di ńlá. Láàrin 1464 sí 1492, Sunni Ali sọ Songhai di ìjọba tí ó gbòòrò, ní etí aṣálẹ̀ gan-an níbi tí ọ̀dá ti yẹ kí ó mú jù lọ. Ọ̀yọ́ tikára rẹ̀, lẹ́yìn tí wọ́n ti Ìgbòho padà sílé, gbèrú nínú ọ̀dá yìí kan náà títí ó fi ń gba ìṣákọ́lẹ̀ lọ́wọ́ Dahomey ní 1748. Àṣáńtì ni ó wá jọni lójú jù. Ní 1701 ni wọ́n ṣẹ́gun Denkyira, tí wọ́n sì di ìjọba ńlá, lẹ́gbẹ̀ẹ́ adágún Bosumtwi náà, níbi tí omi ti fà tí igi sì ń hù sí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Bí ọ̀dá bá ń pa ìjọba, kí ló dé tí ó ń wo àwọn wọ̀nyí dàgbà?

Àwọn onímọ̀ kan tilẹ̀ gbà pé ọ̀gbẹlẹ̀ lè ran ẹlòmíràn lọ́wọ́. Eṣinṣin tsetse tí ń pa ẹṣin kò fẹ́ràn ilẹ̀ gbígbẹ. Nígbà tí igbó bá fà sẹ́yìn, ẹṣin á lè rìn jìnnà sí gúúsù. Ẹṣin sì ni Ọ̀yọ́ fi jẹ gàba. Ohun kan náà tí ó lè jẹ́ ikú fún àgbẹ̀ kan lè jẹ́ ọ̀nà fún jagunjagun mìíràn.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ àwọn ará Maya rí. Ní 1995, David Hodell àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi ẹrẹ̀ adágún Chichancanab ní Mẹ́síkò hàn pé ọ̀dá mú láàrin 800 sí 1000. Àwọn ìlú gúúsù tú lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ìhà àríwá ni òjò kò pọ̀ jù látilẹ̀wá, níbẹ̀ sì ni Chichén Itzá ti ń tàn nígbà tí gúúsù ń kú lọ. Ẹni tí ó ní ọ̀dá ni, yóò ṣàlàyé ìdí tí ibi tí ó gbẹ jù kò fi kọ́kọ́ ṣubú.

Ìdánwò kẹrin: Ṣé kò sí afurasí mìíràn?

Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Gérard Chouin, tí òun àti Adìsá Ògúnfọlákàn bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìwalẹ̀ ní Ifẹ̀ ní 2015, ní afurasí tirẹ̀. Ó rí i pé ọ̀pọ̀ ibùgbé nínú igbó Gánà àti Nàìjíríà ni àwọn ènìyàn kọ̀ sílẹ̀ ní sẹ́ńtúrì kẹrìnlá. Ó wá dábàá pé àjàkálẹ̀ àrùn tí ó pa Yúróòpù àti Íjíbítì run ní nǹkan bí 1348 lè ti dé ilẹ̀ wa. Àbá yìí náà gbọ́dọ̀ jókòó ṣe ìdánwò. Ibùgbé tí a kọ̀ sílẹ̀ ni ẹ̀rí rẹ̀, kì í ṣe egungun tí a ti rí kòkòrò àrùn náà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ti ọjọ́, ó bá ìṣubú Ifẹ̀ mu bí ọ̀dá ṣe bá a mu. Àkókò tí ó bá ara mu nìkan kò lè yan afurasí kan nínú méjì.

Ní ti Ọ̀yọ́, Àlùfáà Samuel Johnson, tí ó parí ìwé ìtàn rẹ̀ ní 1897, gbé ọ̀tẹ̀, ìwọra àwọn ìjòyè àti èpè Aólẹ̀ síwájú. Èpè náà dà bí igbe àjẹ́. Ó ṣáájú ìṣubú, ṣùgbọ́n ta ni yóò fi ọ̀nà tí ó gbà hàn wá? Ìjà láàrin Aláàfin àti Ọ̀yọ́ Mèsì ni ó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, nítorí pé a lè tọ ipasẹ̀ rẹ̀ láti orí Gáà títí dé orí Afọ̀njá.

Ibi tí mo dúró sí

Kí ẹnikẹ́ni má ṣì mí gbọ́. Èmi kò sọ pé ọ̀dá kò lẹ́sẹ̀ nínú ìtàn. Akínwùmí Ògúndìran, nínú ìwé rẹ̀ lórí ìtàn Yorùbá tí ó jáde ní 2020, ka ìyípadà ojú ọjọ́ mọ́ ohun tí ó mi ilẹ̀ wa lẹ́yìn ìgbà ògo Ifẹ̀. Ìyẹn bójú mu, nítorí pé ó fi í sí àárín àwọn ohun mìíràn. Ohun tí mo kọ̀ ni kí á fi í sí ipò gbogbo wọn. Bí ògiri kò bá lanu, alángbá kò lè wọ ibẹ̀. Ọ̀dá ni alángbá. Ẹni tí yóò sọ ìtàn ìlú tí ó tú gbọ́dọ̀ sọ bí ògiri ṣe lanu, ẹni tí ó yẹ kí ó rẹ́ ẹ, àti ìdí tí kò fi rẹ́ ẹ.

Ó sì yẹ kí á ṣọ́ ọ̀rọ̀ náà “ìṣubú”. Nígbà tí Ọ̀yọ́-Ilé tú, àwọn ènìyàn rẹ̀ kò pa rẹ́. Wọ́n kún Ògbómọ̀ṣọ́, wọ́n sọ Ìbàdàn di ńlá, wọ́n sì dá Ọ̀yọ́ mìíràn sílẹ̀. Ọọ̀ni ṣì wà lórí ìtẹ́ ní Ifẹ̀. Àràádọ́ta ọ̀kẹ́ ènìyàn ni ó ń sọ àwọn èdè Maya lónìí. Ìjọba lè kú kí ènìyàn máa bẹ. Okùnfà ikú ìjọba kan àti okùnfà ìṣíkiri àwọn ènìyàn rẹ̀ lè má jẹ́ ọ̀kan náà.

Ohun tí ó kan olùkọ́

Àlàyé tí a kò dán wò a máa pa ènìyàn. Ní 1950 sí 1951, àwọn Alátìǹgà ti Dahomey wọ ilẹ̀ Ẹ̀gbádò tí à ń pè ní Yewa lónìí, kò jìnnà sí wa níbí. Wọ́n ní ikú ọmọ àti àgàn ní okùnfà kan ṣoṣo: àjẹ́. Àwọn obìnrin ni wọ́n tọ́ka sí, tí wọ́n fipá gba ẹnu wọn jẹ́wọ́, kí ìjọba tó fòfin de ẹgbẹ́ náà. Ta ni ó béèrè pé àwọn abúlé tí ikú ọmọ kò pọ̀ sí ńkọ́, ṣé kò sí àgbà obìnrin níbẹ̀ ni? Ìdánwò kẹta nìyẹn. Bí ẹnì kan bá béèrè rẹ̀, ìyà ọ̀pọ̀ ìyá ìbá má tó bẹ́ẹ̀.

Bí a bá fi ẹ̀bi gbogbo lé ọ̀dá lórí, ìpalára rẹ̀ gba ọ̀nà mìíràn. Adágún Chad fẹ̀ tó 25,000 kìlómítà níbùú lóròó ní nǹkan bí 1963. Nígbà tí ó fi di àárín 1980 sí 1990, kò tó 2,000 mọ́. Àwọn kan ní gbígbẹ rẹ̀ ni ó bí Boko Haram. Ẹ fi ìdánwò wọ̀nyí wò ó. Ìgbà tí adágún náà gbẹ jù ṣáájú ogun 2009 ní nǹkan bí ọdún mẹ́rìnlélógún. Níger, Chad àti Kamẹrúùnù náà wà létí adágún yìí, ṣùgbọ́n Maiduguri ni ẹgbẹ́ náà ti hù. Òṣì tí omi tí ó fà dá sílẹ̀ lè ti la ògiri, ṣùgbọ́n bí a bá dúró síbẹ̀, a ti dá ìwà ìbàjẹ́ àti ìwà ìkà àwọn aláṣẹ sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Ojú ọjọ́ kò ṣeé fà lọ sí kóòtù.

Ẹ jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ tí ń lọ fún ìdánrawò ìkọ́ni gbé ìlànà yìí dé kíláàsì pẹ̀lú ohun tí ọmọ mọ̀. Bí kànga kan bá gbẹ ní Joju, kí ó bi àwọn ọmọ ní ìbéèrè mẹ́rin. Ìgbà wo ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ, kí òjò tó dá ni tàbí lẹ́yìn rẹ̀? Ọ̀nà wo ni omi ń gbà dé inú rẹ̀? Ṣé kànga àwọn aládùúgbò gbẹ? Ta tún ni ó ń fa omi nínú ilẹ̀ yẹn, ilé tí ó gbẹ́ kànga ẹlẹ́rọ ni àbí iléeṣẹ́ ńlá? Ọmọ tí ó bá lè dá wọn lóhùn ti mọ bí a ṣe ń wádìí Ọ̀yọ́-Ilé.

Àsọkágbá

Bí kò bá nídìí, obìnrin kì í jẹ́ Kúmólú. Òtítọ́ ni pé ìlú kan kì í dédé tú. Ṣùgbọ́n pé ìdí wà kò túmọ̀ sí pé ìdí àkọ́kọ́ tí ó wọ ojú wa ni ìdí náà, kò sì túmọ̀ sí pé ẹyọ kan ṣoṣo ni. Nígbà tí ọmọ bá nawọ́ sókè ní kíláàsì, tí ó béèrè pé kí ni ó tú Ọ̀yọ́ ká, kí olùkọ́ má fi ọ̀rọ̀ kan dá a lóhùn, ìbáà jẹ́ ọ̀dá, ìbáà jẹ́ èpè. Kí ó kọ ọjọ́ sí ojú pátákó, láti 1754 dé 1836, kí ó sì ní kí ọmọ náà fi ìka tọ́ka sí ibi tí ògiri ti kọ́kọ́ là.